Kókó Tó Ti Àgbádárìgì Bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, láti ìgbà tí a ti kírun alásàrí tán ni ẹ ti tẹrí ba sórí fóònù kan ṣoṣo bí adìẹ tó rí ọkà nínú iyanrìn. Mo ń gbọ́ yín láti orí àga mi. Ojú ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọn ò fọwọ́ kan etí. Ẹ ní bí ẹ bá parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ yín, ẹ óò lọ wo òkun ní Àgbádárìgì. Ẹ óò wọ bàlúù láti Abùjá dé Èkó. Ohun tó wá ń dá ìjà sílẹ̀ ni ohun tí ẹ óò wọ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú dé etí òkun. Kúnlé ní takisí. Fúnmiláyọ̀ ní ọkọ̀ ojú omi, ìwọ tí o máa ń gbé bàtà lé orí bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀ ní Tayi Village níbí. Sálíhù, ọmọ-ọmọ tèmi, tó gbọ́ Hausa ju bó ṣe gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ lọ, ní kí ẹ sáà tẹ fóònù kí mọ́tò wá bá yín.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ẹ wá bi mí pé èwo ló dára jù. Ẹ bi mí nítorí pé mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ilẹ̀, ẹ sì rò pé ẹni tó mọ àwòrán ilẹ̀ mọ ọ̀nà. N óò dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ da ojú fóònù yẹn délẹ̀, kí ẹ sì sún abọ́ ẹ̀pà yẹn sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ehín wà lẹ́nu yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Minna yìí, a kì í yan mọ́tò. Awakọ̀ la máa ń yàn. Bàbá tó bí ìyá mi, Alfa ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, ilé kéú ni wọ́n ní, láti Ìlọrin ni wọ́n ti wá. Bí ẹnikẹ́ni nínú agboolé wa bá fẹ́ rìnrìn àjò, Alfa á ti dé táṣà, ibùdókọ̀ nìyẹn, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Wọn ò ní wo mọ́tò rárá. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á kí awakọ̀ ní Hausa títí ìkíni á fi tán lẹ́nu àwọn méjèèjì, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í: ta ni bàbá rẹ, àdúgbò wo ni ìyá rẹ ń gbé, ta ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, ṣé ẹni yẹn ṣì wà láyé, kí ló sì pa á bí kò bá sí mọ́? Bí wọ́n bá ní mọ́tò ló pa á, Alfa á dìde, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé náà là ń wò kí a tó wọ mọ́tò.

Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni wọ́n tó ń wo táyà. Wọn ò ní bẹ̀rẹ̀, gìgísẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń ta á. Ní ọjọ́ kan tí mo tẹ̀lé wọn, wọ́n ta táyà báyìí, irin tó bo àárín rẹ̀ já bọ́, ó yí, ó yí, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì ìyá tó ń ta kókó àti kósẹ́, ẹ̀kọ mímu àti àkàrà nìyẹn, ó sì dojú abọ́ ẹ̀kọ dé sórí ewúrẹ́ tó sùn síbẹ̀. Ewúrẹ́ ń ké, ìyá ń ké, awakọ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Alfa kàn gbé fìlà wọn sípò, wọ́n ní ká máa lọ sílé, pé mọ́tò tó ń sá kí wọ́n tó ṣáná sí i, ibo ni yóò dúró?

Ẹ ò gbọ́ irú ariwo táṣà yẹn rí. Kì í ṣe ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn èèyàn lásán ni, àti fèrè reluwé láti òdìkejì ìlú tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó bi í. Bí Iléyá bá sún mọ́, orí mọ́tò ni wọ́n ń so àgbò mọ́, tí àwọn àgbò á máa wo gbogbo wa láti òkè bí ẹni pé àwọn ló sanwó ìjókòó tó dára jù. Nísinsìnyí, ẹ máa ń jókòó sínú yàrá ní Maitumbi, ẹ óò tẹ nǹkan, kẹ̀kẹ́ á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kì í kí ẹni tó wà á. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan lẹ mọ̀. N ò bá yín jà. Mo kàn ń wí i ni.

Bí ọjọ́ ìrìn àjò bá wá pé, iṣẹ́ tó kù méjì péré ni. Èkínní, àgbà ilé á mú ọwọ́ arìnrìn-àjò, á fi sí ọwọ́ awakọ̀, á ní, “Mo fà á lé ọ lọ́wọ́.” Awakọ̀ á ní, “Mo gbà á. Ọlọ́run ló ń mú èèyàn dé.” Bí wọn ò bá tíì sọ ọ́, mọ́tò ò gbọdọ̀ ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo èrò yòókù ti ń pòṣé. Àgbà náà ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Arìnrìn-àjò kì í fa ara rẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́, bí òkú kì í ti í ru pósí ara rẹ̀. Ìkejì, arìnrìn-àjò á yọ aṣọ ìnujú funfun, á ta etí rẹ̀ ní kókó lójú gbogbo wa. Bó bá délé ibi tó ń lọ, á tú kókó náà, á fi aṣọ rán awakọ̀ padà sí wa. Bí aṣọ bá dé láìsí kókó, ó ti dé ire. Fóònù tiwa nìyẹn. Kì í kú, kì í fẹ́ iná mànàmáná.

Àbúrò ìyá mi kan wà, Sìkírátù. Àǹtí Sìkírá ni èmi ń pè wọ́n. Àwọn àti ìyá mi nìkan ni ìyá wọn bí, orí ẹní kan ni wọ́n sùn títí Àǹtí fi lọ sílé ọkọ. Ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní ẹnu ibodè, Àgbádárìgì ló kọ́lé sí. Mo ṣì kéré gan-an nígbà náà. Alfa lọ sí táṣà nígbà mẹ́ta kí wọ́n tó rí awakọ̀ tó wù wọ́n, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Gàní, ará Ìlọrin bíi tiwa, tí kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń wa mọ́tò. Alfa fa Àǹtí lé wọn lọ́wọ́. Àǹtí ta kókó sétí aṣọ. Ìyá mi ò sunkún. Wọ́n kàn ń sọ fún mọ́tò pé kó máa lọ, kó máa lọ, tí ọwọ́ wọn sì di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú.

Ọjọ́ kẹfà ni Bàbá Gàní padà. Mo rí i nígbà tí wọ́n yọ aṣọ náà lápò. Kókó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ta á.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí Àǹtí, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí iyẹ̀pẹ̀. Bàbá Gàní ń búra pé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ gan-an ni àwọn já ọmọ yìí sí, pé àwọn jẹ ẹja níbẹ̀, pé àwọn tilẹ̀ jẹ ẹja lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹnu awakọ̀ ń sọ̀rọ̀, aṣọ náà ń sọ̀rọ̀, aṣọ la mọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò ti ń wọlé pẹ̀lú orí tí wọn ò wé. Ẹnìkan ti ń bi Alfa pé ṣé kí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun sàráà. Alfa yíjú sí Bàbá Gàní. Wọ́n ní: padà lọ tú u wá.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà. Ọkùnrin yìí tún wa mọ́tò láti Minna dé Àgbádárìgì nítorí kókó kan ṣoṣo. Nígbà tó dé, aṣọ ti tú, àgbọn kún inú búùtù, inú sì ń bí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ ọ̀rọ̀ tó tó ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun bá Àǹtí lórí iyanrìn, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sínú omi. Ó ní òun bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò tú kókó. Ó ní Àǹtí dáhùn pé, “Mo gbàgbé ni. Òkun ni mo ń wò.”

Ọ̀rọ̀ yẹn di ohun tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nílé wa. Bí ọmọ bá jẹ́ kí ìrẹsì jóná, á ní òkun lòun ń wò. Bí mo bá pẹ́ dé láti ilé ìwé, ìyá mi á ní, ṣé o ti wo òkun dé? Bẹ́ẹ̀, ìyá mi ò rí òkun rí. Àǹtí ló máa ń wá sí Minna, lọ́dọọdún, pẹ̀lú Iléyá. Ìyá mi á ní ọdún tó ń bọ̀ làwọn máa lọ. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn pọ̀. Alfa kú, Bàbá Gàní kú, wọ́n gbé táṣà kúrò níbi tó wà, reluwé dákẹ́, ó tún fọhùn, ó tún dákẹ́. Ìyá mi ṣì wà lórí ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí ọkọ Àǹtí fẹ̀yìn tì, wọ́n sọ ilé náà di ilé àlejò oníyàrá mẹ́fà. Àwọn tó ń wá ṣe fàájì létí òkun ló ń sùn síbẹ̀. Ohun tí gbogbo àlejò sì kọ́kọ́ ń bi wọ́n lórí fóònù ni ohun tí ẹ ń bi ara yín yìí: láti pápákọ̀ òfuurufú, kí la máa wọ̀? Àǹtí sọ ìdáhùn náà títí ó fi di bí ẹsẹ kéú lẹ́nu wọn, ìyá mi náà sì kọ́ ọ. Bí ìyá mi bá ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa kà á jáde: “Ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀, takisí tó wà níbi ilẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ràn owó rẹ̀, bọ́ọ̀sì, kó sọ̀ ní Mile 2 kó tún wọ òmíì. Ẹni tí kò bẹ̀rù omi, ọkọ̀ ojú omi, kó múra láti pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọdé, kó tẹ fóònù.” Ọ̀nà mẹ́rin, ìyá mi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ara rẹ̀, wọn ò sì dé Mọ́kwá lójú ọ̀nà Èkó láti ọdún tó ti pẹ́.

Ní ọdún tó kọjá ni Àǹtí pè wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé fóònù sí etí ìyá mi. Ohùn Àǹtí kéré. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo òkun. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.”

Ìyá mi dìde, wọ́n lọ ń ká aṣọ. A mọ̀ pé àìsàn kan ti wà lára Àǹtí tipẹ́. A ò mọ̀ pé ó tó báyẹn.

Bàlúù ọjọ́ Jímọ̀ la rí. Èmi ò lè bá wọn lọ nítorí iṣẹ́ abẹ ojú yìí, dókítà ní n kò gbọdọ̀ wọ bàlúù. Àmínà, ọmọ mi, ìyá Sálíhù yìí, ló máa tẹ̀ lé wọn. Àmínà ní òun ti ṣètò mọ́tò orí fóònù láti pápákọ̀ dé Àgbádárìgì. Mo bi í pé ta ni bàbá awakọ̀ náà.

Ó ní, “Haba, Bàbá. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ìràwọ̀ tí àwọn èèyàn fún un tó márùn-ún.”

Mo ní, “Mélòó ni wọ́n fún bàbá rẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé mo ti borí. Ẹ máa ṣọ́ra fún ẹni tó bá pa yín lẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ ń bá a jiyàn. Mo wá nọ́ńbà Ràjí jáde, ọmọ Bàbá Gàní, tó ń wa mọ́tò tirẹ̀ l'Ékòó. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù, mo gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe sọ̀kalẹ̀ lọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní bàbá òun máa ń sọ ọ̀rọ̀ kókó yẹn fún àwọn. Mo ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, o mọ bí a ṣe ń ṣe é. Mo ní, “Má ṣí mọ́tò títí wàá fi gbọ́ ohùn mi. Èmi ni n óò fà wọ́n lé ọ lọ́wọ́.” Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń dùn mọ́ mi létí. Ó dà bíi pé Alfa ló ń sọ̀rọ̀.

Agogo kan ọ̀sán ni wọ́n ní bàlúù máa balẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bàlúù wa. Èmi, olùkọ́, mo ṣe ìṣirò: bí wọ́n bá ní agogo kan, agogo mẹ́ta ni. Mo pa fóònù, mo lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tí a kírun tán, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fà mí lọ sí àdúgbò Shango, níbi tí obìnrin kan ti ń yan másà, àkàrà ìrẹsì. A jókòó. Mo ń ròyìn fún wọn bí mo ṣe ṣètò ìrìn àjò náà, pé nǹkan àtijọ́ kì í bàjẹ́, èèyàn ló ń bàjẹ́. Mo jẹ másà mẹ́fà. Fóònù wà lápò mi, ó kú, ó sì tutù.

Bàlúù ọjọ́ náà balẹ̀ ní agogo kan géérégé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, Àmínà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ràjí ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, aṣọ funfun lọ́rùn, mọ́tò ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi níwájú gbogbo èèyàn. Ìyá mi yọ aṣọ ìnujú, wọ́n ta kókó sí i, wọ́n na ọwọ́ sí i. Ràjí ò gba ọwọ́ náà. Ó ní Bàbá ní kí òun gbọ́ ohùn àwọn ná. Àmínà pè mí, fóònù ò lọ. Ó tún pè. Ó ní òun pè títí àwọn tó ń ta omi fi ń bi òun pé ṣé kò sí wàhálà. Ó bẹ Ràjí. Ràjí ń bẹ òun náà. Àmínà wá tẹ fóònù rẹ̀, mọ́tò mìíràn dé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ mẹ́rin, awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìyá mi. Ìyá mi wo inú mọ́tò náà dáadáa. Wọ́n ní ó mọ́ tónítóní. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Wọ́n wá ní, “Àmínà, arìnrìn-àjò kì í fa ara rẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká dúró de bàbá rẹ.”

Mọ́tò náà lọ. Wọ́n jókòó sínú ti Ràjí, wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn nítorí ooru. Ìyá mi ń ka ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún Ràjí: takisí, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú omi, fóònù. Ràjí ní karùn-ún ni tòun. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi dúró.

Nígbà tí mo fẹ́ fi fóònù han ọ̀rẹ́ mi bí àgbàlá ilé àlejò Àǹtí ṣe rí ni mo tó tàn án. Ó dún lọ́wọ́ mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo nu ọwọ́, mo tún ohùn ṣe. Mo ní, “Ràjí, ọmọ Gàní, mo fà wọ́n lé ọ lọ́wọ́.”

Ó ní, “Mo gbà wọ́n, Bàbá. Ọlọ́run ló ń mú èèyàn dé.”

Àmínà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi. Ó ní ó dàbọ̀.

Ọ̀nà Àgbádárìgì kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń yára lórí rẹ̀, Ràjí sì wà á bí ẹni gbé ẹyin. Kí ìrun mọ̀gáríbì tó wọlé, wọ́n dé. Àwọn ọkùnrin ti jókòó níta ilé náà, wọ́n bọ́ bàtà jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi rí bàtà náà. Wọ́n bọ́ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú Àǹtí ló sọ bó ṣe lọ. Ó ní láti ọ̀sán ni Àǹtí ti ní kí wọ́n gbé àwọn jókòó síbi fèrèsé tó dojú kọ ọ̀nà. Bí mọ́tò kankan bá kọjá, wọ́n á bi í pé, “Kí ni wọ́n wọ̀ wá?” Ọmọbìnrin náà pe Àmínà, ó wá sọ fún wọn pé mọ́tò ọmọ Bàbá Gàní ni, pé wọ́n ń dúró de ohùn èmi ni. Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín gidi ni, tó mì wọ́n léjìká. Wọ́n ní, “Wọn ò ní tètè dé nìyẹn. Jẹ́ kí n sùn díẹ̀.”

Wákàtí kan ààbọ̀ ló wà láàárín ìgbà tí ẹ̀mí bọ́ lójú oorun náà àti ìgbà tí mọ́tò dúró sẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ ni mí, mo mọ bí a ṣe ń yọ èyí kúrò nínú ìyẹn. N kò yọ ọ́.

Ẹ ń wò mí bí ẹni pé kí n sunkún. N kò sunkún nígbà yẹn náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú yìí, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kan sétí ẹyinjú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀ pé ọ̀bẹ wà lójú mi. Mo ń gbọ́ tí dókítà ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó gbé tibí kó gbé tọ̀hún. Mo mọ̀ pé ojú mi ni wọ́n ń gé. Kò dùn mí. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí Àmínà ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi lórí fóònù, bó sì ṣe rí títí di òní nìyẹn. Mo ń dúró kí abẹ́rẹ́ náà kúrò lára mi. Mo dá iṣẹ́ mi ṣe. Mo lọ gba ẹ̀bùn àlùbọ́sà lọ́wọ́ ará ilé kejì. Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì náà, wọ́n ní Ọlọ́run ló ń mú èèyàn lọ nígbà tó bá wù ú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àsọdùn kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Másà nìkan ni n kò tún jẹ mọ́, kì í sì í ṣe pé mo pinnu. Ẹnu mi kàn ń kọjá lára rẹ̀ ni.

Wọ́n sin Àǹtí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe fídáù ogójì ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta péré ni Ràjí dé ẹnu ọ̀nà yìí. Láti Èkó ló ti wa mọ́tò bọ̀, òun nìkan, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: a kì í fi aṣọ náà rán ẹlòmíì. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ó ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí. Ṣe ni ó yẹ kí n wa mọ́tò.”

Mo ní kó dìde. Mo ní ohun tí mo rán an ló ṣe. Àmínà ò sí níbẹ̀ láti gbọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ sókè.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà fún mi. Ó fi ọ̀rá wé e kí eruku ọ̀nà má baà bà á jẹ́. Mo tú ọ̀rá náà. Kókó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ta á.

Mo gbé oúnjẹ fún Ràjí, ó jẹun. A sọ̀rọ̀ táyà, a sọ̀rọ̀ ọ̀nà Mọ́kwá tó bàjẹ́. Nígbà tó wọlé lọ kírun, mo pe ìyá mi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ohùn wọn, ó ń wá, ó ń padà, ó ń wá, ó ń padà. N kò gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Mo ní, “Màmá, aṣọ ti dé. Ẹ ò tú kókó.”

Ohun tó wà lẹ́yìn wọn wá, ó padà.

Wọ́n ní, “Mo gbàgbé ni. Òkun ni mo ń wò.”

Aṣọ náà ló so mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Gbogbo yín ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́, Fúnmiláyọ̀ tilẹ̀ fẹ́ fọ̀ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ṣeun. Ìyá mi padà wá, wọ́n rí i níbẹ̀, wọ́n kọjá lọ sínú yàrá wọn. Ẹ rí wọn nínú yàrá yẹn, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò ka ọ̀nà mẹ́rin yẹn mọ́.

Ẹ bi mí pé èwo ló dára jù nínú takisí, ọkọ̀ ojú omi àti ti orí fóònù. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni kí ẹ wọ̀.